Obìnrin Ojú-Ìwé Kọkànlélọ́gọ́ta

Alága wa fún ọ̀sán òní, Alhaji Mukhtar, mo kí yín. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ jókòó lórí pèpéle, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá wa tí gèlè yín kò jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí mi dáadáa, mo kí ẹ̀yin náà, ẹ ó máa wé gèlè pẹ́ o. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé, onílé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa, ẹni tó gbà mí síṣẹ́ nígbà tí irun orí wọn ṣì dúdú tí tèmi náà sì dúdú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láti orí ẹni tó ń tẹ̀wé títí dé orí ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin oníbàárà wa tí ẹ wá láti Ayépé, láti Ìjàgun, àti láti Ibẹ̀fun, mo kí yín. Màmá Rahmah, tí wọ́n jókòó sí ìlà kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí wọn kò tíì mọ ìdí tí mo fi rán mọ́tò lọ gbé wọn wá láti Ibẹ̀fun, mo kí yín lọ́tọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ yá mi létí.

Atọ́kùn ètò sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ní. Màá lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ebi bá ń pa kó fara balẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹnì kankan ò ní gbé e sá lọ.

Mọ́ṣádé lorúkọ mi. Nílé, Ìyá Ayọ̀tọ̀míwá ni wọ́n ń pè mí. Ní ibi iṣẹ́, Ìyá Hẹ́dà ni, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ mí ní orúkọ yẹn. Ayépé ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé ìjọ, ẹni tí ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ déètì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀. Èmi ló jogún rúlà náà. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, mo kọ́ taipráítà ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, mo sì wọ ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá Bọ̀wálé ní ọdún 1988, nígbà tí a ṣì ń gé sítẹ́ńsù, bébà tí a fi ń tẹ ẹ̀dà ìwé, tí ìka wa dúdú láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọdún kẹtàdínlógójì rèé. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi lọ́kọ, tí mo fi bímọ mẹ́ta, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ fún mi pé ọkọ mi ti kú. Ọ̀gá Bọ̀wálé, ẹ kò yọ mí níṣẹ́ ní gbogbo oṣù mẹ́fà tí mo fi ń tẹ orúkọ ọkọ mi sínú ìwé oníwèé láìmọ̀. Ẹ kàn ń rán Aaron kó wá bá mi pa á rẹ́ ni. Mi ò gbàgbé.

Aaron, dìde kí wọ́n rí ọ. Ẹ wò ó bó ṣe ń tijú. Òun ni ọkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, ọ̀gá gbogbo ohun tó bá ń fi yíǹkì ṣiṣẹ́. Ogún ọdún la fi bá ara wa jà. Bí mo bá ní ìwé ti mọ́, á ní kò mọ́, àṣìṣe tí mo bá sì fẹ́ dọ́gbọ́n kọjá, òun ló máa mú un wá sí tábìlì mi, á gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, á sì máa fún súfèé lọ. Ọ̀pọ̀ yín tí ẹ kà á sí pé ìwé yín rẹwà, Aaron ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mo ṣe, nítorí àwọn kan nínú yín rò pé títẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Rárá o. Ẹnikẹ́ni lè tẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìjàgun, ẹ̀yin náà ń tẹ̀! Ẹ ó tẹ orí kìíní tán, ẹ ó wá máa kan bọ́tìnì Ẹ́ńtà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lé adìyẹ, títí orí kejì yóò fi ṣubú sí ojú-ìwé tuntun. Bí ẹ bá wá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún ohun tó wà lókè, gbogbo rẹ̀ á yẹ̀, orí kejì á bọ́ sí àárín, ẹ ó sì gbé e wá bá mi pẹ̀lú omijé. Iṣẹ́ tèmi ni kí orí kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí òun parí sí. Iṣẹ́ tèmi ni hẹ́dà, ìyẹn ìlà kékeré tó wà lókè téńté ojú-ìwé, tó ń sọ orúkọ orí tí ẹ wà nínú rẹ̀ fún yín.

Ẹ fetí sí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé orí kan ti parí bí ẹ kò bá sọ fún un. Bí ẹ bá kàn gé ojú-ìwé lásán, orúkọ orí tó kọjá ni yóò gbé lé orí tuntun. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ odi sáàárín méjèèjì. Séṣọ̀n bíréèkì làwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè é, odi lèmi ń pè é. Orí kọ̀ọ̀kan á wá ní hẹ́dà tirẹ̀, á ní nọ́ńbà tirẹ̀. A kì í sì í rí odi yẹn lójú. Ó wà níbẹ̀ ṣá. Bí ẹ bá wá pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú orí kan rẹ́ tí ẹ kò wó odi rẹ̀, yàrá náà kò lọ. Ó kàn ṣófo ni, orúkọ onílé ṣì wà lójú ilẹ̀kùn.

Mo ti ṣe ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹnu mi mú. Mo lé pásítọ̀ kan jáde rí nítorí ó fẹ́ kí orúkọ òun tóbi ju orúkọ Jésù lọ lẹ́yìn ìwé. Mofẹ́olúwa tó ń gba tábìlì mi lónìí, mo ti pa á lẹ́kún lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi, má bínú, ìwọ lo fà á o, Ẹ́ńtà lo kàn! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa bẹ́ẹ̀. Nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ sọ báyìí kò ní ẹ̀rín nínú.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìdílé Alága wa gbé ìwé ìtàn ẹbí wọn wá fún wa. Iṣẹ́ ńlá ni. Bàbá wọn tó ti kú tipẹ́, oníṣòwò aṣọ pàtàkì ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, fẹ́ ìyàwó mẹ́rin. Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílé wa: ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ni à ń ka ọmọ sí, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ló sì gba orí kan nínú ìwé náà. Wọ́n ní kí ọmọ tó dàgbà jù nídìí ìyá kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó bá mọ̀. Màmá Rahmah tí ẹ ń wò yìí, Rahmah gan-an lorúkọ wọn, wá láti Ibẹ̀fun pẹ̀lú ojú-ìwé méjìlá tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ. Orí karùn-ún ni, nítorí bàbá wọn ló gba méjì àkọ́kọ́. Ìyá wọn, Mùínátù, ìyàwó kẹta, ló wà nínú rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mi ò sì lè jẹun. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìwé náà ni: “Ìyá mi kò pa ẹnikẹ́ni.”

Màmá, ẹ má dìde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ mi tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọdún kan tí àìsàn eéyi wọ ilé náà, ọmọ mẹ́ta kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ àwọn ìyàwó yòókù. Rahmah, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo tí Mùínátù bí, ṣàìsàn ó sì yè. Ó tó báyẹn fún wọn. Wọ́n ní kí ló dé tí tirẹ̀ kò kú? Ìyá Alága wa, tí òkú ọmọ tirẹ̀ wà nínú ilé, tó sì tún ń tọ́ Mukhtar jòjòló lọ́wọ́, ló kọ́kọ́ pè é ní àjẹ́. Ìbànújẹ́ ń wá ẹni tó máa jókòó lé lórí, Mùínátù ló bá. Wọ́n fún un ní ẹní kan àti ọmọ rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó rìn lọ sí Ibẹ̀fun ilé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Láti ilé ọkọ, ẹnì kan kò wá.

Nígbà tí ìwé ti fẹ́ lọ sórí ẹ̀rọ, Alága wa wá. Wọn ò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Èmi ni mo jáde lọ bá wọn. Wọ́n ní, “Yọ orí karùn-ún.” Mo ní, “Bàbá, gbogbo rẹ̀?” Wọ́n ní, “Gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ṣì wà láyé.” Wọ́n ní kí n gbé ìwé tí Rahmah fọwọ́ kọ wá, mo gbé e fún wọn. Mo wọlé, mo fi máòsì sàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ náà, mo tẹ bọ́tìnì kan. Kò gba àkókò tí ènìyàn máa fi mu omi. Ẹkún tí mo sun nígbà tí mo ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì gbẹ lójú mi tán.

Alága, mi ò fi gbogbo rẹ̀ lé yín lórí. Ohun tí ẹ ṣe, ìyá yín lẹ ṣe é fún. Ohun tí èmi ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ta ni mo ṣe é fún?

Nítorí Màmá Rahmah wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n ní, “Ìyá Ayọ̀tọ̀míwá, ṣé orí ìyá mi ti jáde?” Mo lè sọ pé, “Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹbí yín.” Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń tijú, mi ò sì fẹ́ ẹjọ́ ní ọ́fíìsì. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ló jẹ ẹ́.”

Wọ́n ní, “Ó jẹ ẹ́?”

Mo ní, “Ó jẹ ẹ́ pátápátá. Ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ, òjò ti wọ̀ ọ́.”

Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn. Wọ́n wá ní, “Kò burú. Ilé ọkọ lé e. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n rí náà tún lé e. Bóyá ohun kan wà tí Ọlọ́hun mọ̀ nípa yèyé mi tí èmi ò mọ̀.” Wọ́n sì lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí irọ́ mi ṣe? Gbogbo ilé kan pe obìnrin ní àjẹ́, ọmọ rẹ̀ kò gbà. Ó dàgbà, kò gbà. Ó di arúgbó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú-ìwé méjìlá láti sọ pé òun kò gbà. Èmi ni mo wá mú kó rò ó wò. Mo gbọ́ láti Ibẹ̀fun pé láti ọdún yẹn wọn kò ṣe sàráà ìyá wọn mọ́. Mo gbọ́ pé wọn kì í dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mọ́. Mo gbọ́, mo sì ń jẹun.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí mo purọ́ mọ́ kò gbà fún mi.

Aaron ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé ojú-ìwé kan wá nínú ìwé ẹbí yẹn kan náà, ó ní, “Ìyá Hẹ́dà, èyí ò ní ọ̀rọ̀ nínú.” Lóòótọ́ ni. Funfun báláú ni, àfi hẹ́dà lókè: “Mùínátù, Ìyá Rahmah.” Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kànlélọ́gọ́ta, ibi tí orí náà ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ara mi ò ṣe gìrì. Mo mọ ìdí rẹ̀, mo ti sọ ọ́ fún yín: mo pa ọ̀rọ̀ rẹ́, mi ò wó odi. Mo ní kó yọ ojú-ìwé náà sọnù. Ìwé ẹbí jáde ní mímọ́.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ wa. A kì í bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé tí a bá ṣe tán, tó bá dára, a ó ṣí i, a ó gbá inú rẹ̀ mọ́, a ó fún un lórúkọ tuntun, a ó sì da iṣẹ́ mìíràn sínú rẹ̀. Ìyá fáìlì là ń pè é. Ìwé ẹbí Alága wa ló dára jù lọ́dún yẹn, òun ni mo fi ṣe ìyá fáìlì. Ohun tó bá wà nínú ìyá, ọmọ á jogún rẹ̀.

Ìwé ìsìnkú olùkọ́ kan ní Ayépé ló kọ́kọ́ jáde. Ojú-ìwé mẹ́rìnlélógún péré ni. Láàárín orin kejì àti ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, ojú-ìwé funfun kan wà, “Mùínátù, Ìyá Rahmah,” nọ́ńbà ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Opó náà gbé e wá sí ọ́fíìsì, ó ní, “Ta ni Mùínátù? Ta ni Rahmah tó bí fún ọkọ mi?” Ó gba èmi, Ọ̀gá, àti pásítọ̀ wọn kó tó gbà pé bàbá kò ní ilé kejì. A rẹ́rìn-ín sí i lẹ́yìn tó lọ. Mo wó odi náà níṣojú Aaron. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ó tún jáde nínú ìwé ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ Ìjàgun kan, lórí kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀gẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ fi bírò pupa yí orúkọ náà po, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Ta nìyí?” Ẹ̀rín ò wá mọ́.

Ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà tuntun. Mo pa ìyá fáìlì rẹ́. Mo fi ìka ara mi ṣe òmíràn láti orí ìwé òfìfo, odi kọ̀ọ̀kan, hẹ́dà kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan gbáko, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo ń sùn.

Oníbàárà kan wá wá láti Ibẹ̀fun. Orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, inú fáláàṣì ló gbé e wá, ó ní kí a kàn bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde. Mi ò ṣí i. Mi ò fọwọ́ kàn án. Aaron fi fáláàṣì sára ẹ̀rọ rẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, mo sì gbọ́ tó dá dúró. Aaron kò fún súfèé lọ́jọ́ yẹn. Ó rọra rìn wá, ó gbé bébà kan kalẹ̀ níwájú mi ní dídojúdé, ó ní, “Màmá, mi ò fẹ́ mọ̀.” Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo yí bébà náà padà. Ẹ ò nílò kí n sọ ohun tó wà lórí rẹ̀ fún yín.

Mo rí yín o, ẹ̀yin tí ẹ ń rọra ṣí ìwé ètò ọwọ́ yín. Kò sí níbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹni tó bá mọ ìdí èyí, kó sọ fún mi. Mo ti bi àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni. Fáírọ́ọ̀sì wo ló mọ orúkọ ìyá ẹni?

Èyí tó gbé mi dìde nìyí. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo tẹ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì mi. Ojú-ìwé kan ni, ìpínrọ̀ mẹ́ta, kò ní orí, kò ní hẹ́dà, kò ní odi kankan. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde, bébà méjì ló jáde. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà, àwọn ọmọ ń pariwo ní ìta. Mo gbé ìkejì. Hẹ́dà rẹ̀ wà lókè, nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣófo mọ́. Gbólóhùn kan wà láàárín rẹ̀: “Ìyá mi kò pa ẹnikẹ́ni.”

Ènìyàn mẹ́ta péré ló rí gbólóhùn yẹn rí: ẹni tó kọ ọ́, èmi tí mo tẹ̀ ẹ́, àti Alága wa. Mi ò pariwo, mi ò pe Aaron. Mo kàn jókòó, mo sì sọ jáde lẹ́nu pé, “Mo ti gbọ́. Màá sọ ọ́.” Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ yẹn ló bá tèmi, lórí àga tí mo jókòó lé purọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé bébà náà lọ bá Alága wa nílé. Ìyá wọn ti kú lọ́dún tó kọjá, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Mo ní, “Bàbá, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ní gbangba níbi ìdágbére mi. Bí ẹ kò bá fẹ́ jókòó lórí àga alága mọ́, mi ò ní bínú.” Wọ́n ka bébà náà pẹ́. Wọ́n wá ní, “Màá wá.” Wọn ò sọ ohun tí àwọn yóò ṣe. Títí di ìsinsìnyí tí mo dúró síbí, mi ò mọ̀ ọ́n.

Màmá Rahmah, mo kúnlẹ̀ nísinsìnyí. Mofẹ́olúwa, fi mí sílẹ̀, orúnkún mi ò ní kán. Màmá, ẹ̀rọ kankan kò jẹ orí ìyá yín. Òjò kò wọ ìwé yín. Èmi Mọ́ṣádé ni mo fi ìka yìí pa á rẹ́, èmi náà ni mo purọ́ fún yín. Kò sí ohun tí Ọlọ́hun mọ̀ nípa ìyá yín ju ohun tí ẹ kọ lọ. Ẹ kọ ọ́ pé ó ru iyanrìn tí wọ́n fi mọ ilé yẹn nígbà tí oyún yín wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé nígbà tí eéyi wọlé, òun ló ń wẹ gbogbo àwọn ọmọ náà, ti ìyá Alága àti ti ìyàwó kejì, nítorí àwọn ìyá ń sá fún àìsàn. Ẹ kọ ọ́ pé títí ó fi kú, kò gégùn-ún fún ilé náà, àárọ̀ àárọ̀ ló ń béèrè pé ṣé Mukhtar ti ń rìn. Gbogbo èyí wà ní orí ìka mi. Mo lè pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ, mi ò lè pa á rẹ́ níbẹ̀. Ẹ forí jì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é lónìí, ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí ó bá wù yín, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ó tó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà kí n tó jókòó. Ọ̀gá Bọ̀wálé, ilé-iṣẹ́ yín kò ní parun. Aaron, ojú rẹ kò ní fọ́, ọwọ́ rẹ kò ní gé sínú ẹ̀rọ. Mofẹ́olúwa, o ó ṣe é ju èmi lọ, irọ́ kò ní wù ọ́ pa nítorí ìtìjú. Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kò ní fi ọwọ́ yín kọ ìtàn tí ẹlòmíràn yóò parẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí...

Alága wa ti dìde.

Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹ má fà wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìlà kẹta ni.

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ẹ kò lè rí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Alhaji ti dọ̀bálẹ̀. Pẹ̀lú agbádá, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá Rahmah. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

Màmá ní, “Yèyé mi ńkọ́?”

Alhaji gbé orí sókè. Wọ́n ń wo ohun kan lókè orí Màmá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn.

Wọ́n ní, ẹ gbọ́ o, wọ́n ní, “Yèyé yín ló dúró lẹ́yìn yín, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ wọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé bí mo bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Wọn kì í wọlé.”

Màmá kò wẹ̀yìn. Wọ́n kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, bí ọmọdé ti ń ṣe bí ó bá fẹ́ kí wọ́n mú òun lọ́wọ́ kọjá títì. Màmá àti Alhaji ti dìde báyìí. Wọ́n ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lójú ọ̀nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa àga yín sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà náà fẹ̀ dáadáa. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń lọ sílé. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé.